Edvard Grieg, Olórin Ilẹ̀ Nọ́wè

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn àgbà a máa wí pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí a ti ń sọ ìtàn ọkùnrin tí a gbé yẹ̀ wò lónìí, èyíinì ni Edvard Grieg, olórin ńlá, tí a bí ní ìlú Bergen ní ilẹ̀ Nọ́wè ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1843, tí ó sì kú ní ìlú kan náà ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1907. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbọ́ orin rẹ̀ láìmọ orúkọ ẹni tí ó ni ín. Ọkùnrin náà kò ga ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ, ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo tí ó pé ni ó sì fi mí fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Kí a tó lè mọ iyì iṣẹ́ tí ó ṣe, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí a bí i sí. Fún ọdún tí ó lé ní 400 ni ilẹ̀ Nọ́wè fi wà lábẹ́ ọba Dẹ́nmákì. Nígbà tí ó di ọdún 1814, a gbà á kúrò lọ́wọ́ Dẹ́nmákì, a sì so ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Swídìn lábẹ́ ọba kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí di ọdún 1905. Èdè Dẹ́nmákì ni àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú fi ń kọ̀wé. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ́ orin dé ojú àmì, ilẹ̀ Jámánì ni yóò lọ. Àwọn àgbẹ̀ tí ń gbé láàárín àwọn òkè ní orin tiwọn, wọ́n ní ijó tiwọn, wọ́n sì ní gòjé tiwọn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́lá ka gbogbo rẹ̀ sí ohun ará oko, tí kò yẹ ní gbọ̀ngàn àwọn ènìyàn pàtàkì.

Ìlú Bergen jẹ́ èbúté kan tí òjò kì í fẹ́ dá níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò wa mọ ọjà rẹ̀ bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, nítorí pé láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni ó ti jẹ́ ibi tí a ti ń kó ẹja gbígbẹ ti òkun àríwá ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè, ẹja náà tí àwa ń pè ní pańla. Òwò ẹja ni ìdílé Grieg fi là. Alexander Greig, ẹni tí ó bí bàbá bàbá rẹ̀, wá láti ilẹ̀ Skọ́tláǹdì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ó fi Bergen ṣe ilé, níbẹ̀ ni a sì ti yí bí a ti ń kọ orúkọ náà padà. Bàbá Edvard náà ń jẹ́ Alexander. Oníṣòwò ni, òun sì tún ni aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú náà. Ìyá rẹ̀, Gesine, wà lára àwọn tí ó mọ píánò tẹ̀ jù ní Bergen. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọmọ rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà di ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sì fi àyè gba ìmẹ́lẹ́.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́, Edvard kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó jẹ́ àṣà níbẹ̀ pé bí òjò bá pa ọmọ dé ilé ẹ̀kọ́ tí aṣọ rẹ̀ rin, wọn a ní kí ó padà sílé lọ pààrọ̀ aṣọ. Nígbà tí Edvard mọ èyí, ó bẹ̀rẹ̀ sí dúró sábẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ ilé títí omi yóò fi máa ro tótó ní ara rẹ̀, kí wọ́n lè lé e padà sílé. Ọgbọ́n yìí pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ kan tí òjò kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí òun nìkan sì dé bí ẹni tí ó ṣubú sódò. Ọjọ́ náà ni àṣírí rẹ̀ tú. Ní ọjọ́ mìíràn ó mú orin kan tí ó ti kọ fúnra rẹ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ rẹ̀ wò ó, ó fà á nírun orí, ó sì kìlọ̀ fún un pé kí ó má mú irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ wá mọ́.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn, ọdún 1858, àlejò kan gun ẹṣin wá sí ilé wọn. Àlejò náà ni Ole Bull, ọ̀gá nínú àwọn tí ń ta gòjé Òyìnbó, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà. Ẹbí ni ó jẹ́ sí wọn, nítorí arákùnrin rẹ̀ ni ó fẹ́ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá Edvard. Ó ní kí ọmọ náà tẹ píánò kí òun gbọ́. Nígbà tí ó gbọ́ ọ tán, ó bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ó sì padà wá sọ fún ọmọ náà pé Leipzig ni yóò lọ, ní ilẹ̀ Jámánì, láti di olórin. Bí àlá ni ọ̀rọ̀ náà rí létí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ orin ti Leipzig lókìkí púpọ̀. Felix Mendelssohn ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1843, èyí tí í ṣe ọdún tí a bí Edvard gan-an. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ òfin orin bí àwọn ará Jámánì ti ń lò ó. Ní ọdún 1860, àìsàn líle kan kọlù ú ní àyà. Ó yè é, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ó bá gun òkè díẹ̀, èémí rẹ̀ a máa ké. Síbẹ̀ ó padà lọ, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1862 pẹ̀lú ìyìn. Ó ti mọ bí a ti ń kọ orin. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni orin ta ni òun yóò máa kọ.

Ìlú Copenhagen ní ilẹ̀ Dẹ́nmákì ni ó ti rí ìdáhùn. Ní ọdún 1864 ó pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin ará Nọ́wè kan tí ń jẹ́ Rikard Nordraak, ẹni tí ó dá ohùn orin orílẹ̀-èdè Nọ́wè sílẹ̀, tí wọ́n ń kọ títí di òní. Nordraak gbà gbọ́ pé àwọn ará Nọ́wè kò ní láti máa yá ohùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, pé orin àwọn àgbẹ̀, ìtàn àwọn ìwin inú òkè, àti ijó ìgbéyàwó abúlé tó láti fi kọ́ ilé orin tuntun. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Edvard lára. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé bí ẹni pé a ṣí ìbòjú kúrò lójú òun ni ó rí.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀ràn náà gbà parí kò dùn, a kò sì gbọ́dọ̀ fi í pamọ́. Ní ìparí ọdún 1865, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ti pinnu láti jọ rìn lọ sí ilẹ̀ Ítálì. Ikọ́ ẹ̀gbẹ dá Nordraak dúró sí Berlin. Edvard fi í sílẹ̀ lórí àìsàn, ó lọ sí Leipzig, ó sì ṣèlérí pé òun yóò padà wá mú un. Kò padà. Nordraak kọ ìwé sí i, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì bá a wí. Ṣùgbọ́n Edvard mú ọ̀nà Róòmù pọ̀n. Ní oṣù kẹta ọdún 1866 Nordraak kú sí ilẹ̀ àjèjì, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Ní Róòmù ni ìròyìn náà ti bá Edvard, ó sì jókòó ní ọjọ́ náà gan-an, ó kọ orin ìsìnkú fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ orin náà yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Gbèsè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni Edvard ti gbé iṣẹ́ tí Nordraak fi sílẹ̀ rù gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń san gbèsè.

Ó padà sí Christiania, olú ìlú Nọ́wè, tí à ń pè ní Oslo nísinsìnyí. Ní ọdún 1867 ó fẹ́ Nina Hagerup, ọmọ arákùnrin ìyá rẹ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ dára láti kọrin. Ìyá Nina kò fẹ́ ìgbéyàwó náà. Lójú tirẹ̀, ọmọkùnrin yìí kò ní nǹkan kan, kò sì mọ iṣẹ́ kan bí kò ṣe kíkọ orin tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1868 Nina bí ọmọbìnrin kan, Alexandra. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, ní abúlé kan ní ilẹ̀ Dẹ́nmákì, bàbá ọmọ náà, ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, kọ orin ńlá rẹ̀ fún píánò àti ẹgbẹ́ onígòjé àti onífèrè. A kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní gbangba ní Copenhagen ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 1869. Edmund Neupert ni ó tẹ píánò, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ títí. Edvard kò sí níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ òòjọ́ dè é mọ́ Christiania. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ayọ̀ yìí ni ikú mú Alexandra lọ ní Bergen, ọmọ oṣù mẹ́tàlá. Tọkọtaya náà kò sì tọ́ ọmọ mìíràn dàgbà láyé wọn. Ẹni tí ó ti sin ọmọ rí ni yóò mọ bí ọdún náà ti rí fún wọn.

Ní ọdún 1870, ó tún wà ní Róòmù pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Franz Liszt ni ó jẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ náà ṣeé ṣe, nítorí ó ti rí iṣẹ́ Edvard, ó sì kọ ìwé ìyìn sí i. Liszt nígbà náà ni ọba gbogbo àwọn tí ń tẹ píánò. Edvard gbé orin ńlá náà wá sí iwájú rẹ̀, ìwé àfọwọ́kọ tí Liszt kò rí rí. Ọkùnrin àgbàlagbà náà jókòó, ó sì tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, ó dé ibì kan tí ohùn rẹ̀ kò rí bí àwọn ará Jámánì ti ń ṣe é. Ó dìde lórí àga, ó na apá, ó sì kígbe ayọ̀. Ó gba ọ̀dọ́mọkùnrin náà níyànjú pé kí ó máa bá ọ̀nà tí ó mú lọ, kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà á. Ohun tí àwọn ará ilé ń pè ní ohun ará oko ni ó mú ọba àwọn olórin dìde lórí ìjókòó.

Ní ọdún 1874, ìjọba Nọ́wè fi owó ọdọọdún kan sọrí rẹ̀ títí ayé, kí ó lè máa kọ orin láìsí pé ó ń fi gbogbo ọjọ́ kọ́ àwọn ọmọ ní píánò. Ní ọdún yìí kan náà ni Henrik Ibsen, òǹkọ̀wé eré ìtàgé, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe orin sí eré rẹ̀ tí ń jẹ́ Peer Gynt. Edvard rò pé iṣẹ́ díẹ̀ ni. Ó gbà á ju ọdún kan lọ, ó sì ráhùn lórí rẹ̀ púpọ̀. Ní àárín iṣẹ́ náà, ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 1875, bàbá àti ìyá rẹ̀ kú tẹ̀lé ara wọn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. A ṣe eré náà ní Christiania ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1876, ó sì mì ìlú. Ohun méjì nípa orin náà yẹ fún ìrántí. Èkíní, orin òwúrọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, tí ọ̀pọ̀ rò pé ó ń ṣe àpèjúwe bí oòrùn ti ń yọ lórí òkè Nọ́wè, ilẹ̀ Mòrókò ní àríwá Áfíríkà ni ó wà nínú eré náà. Èkejì, orin àwọn ìwin inú òkè, tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù, òun gan-an ni Edvard kò lè fara dà. Lójú rẹ̀, ìfúnnu asán nípa jíjẹ́ ará Nọ́wè ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí èyí: ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀ tó báyìí mọ ìyàtọ̀ láàárín ìfẹ́ ilé àti ìgbéraga.

Ní ọdún 1877 ó kó lọ sí agbègbè Hardanger láàárín àwọn àgbẹ̀. Ó kọ́ ahéré kékeré kan síbẹ̀, tí ó gba píánò, ààrò àti òun nìkan, ó sì ń gbọ́ gòjé àwọn ará ibẹ̀. Gòjé náà kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Lábẹ́ okùn tí a ń ta, okùn mìíràn wà tí ọwọ́ kò kàn, tí ń dún fúnra rẹ̀ bí ti òkè bá ti ń dún. Ní ọdún 1883, ìjà wọ àárín òun àti Nina, ó sì fi ilé sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Frants Beyer ni ó parí ìjà náà, wọ́n sì tún padà bá ara wọn ní ọdún 1884. Ní ọdún 1885 wọ́n kó wọ ilé tí wọ́n kọ́ sí ìtòsí Bergen, tí wọ́n pè ní Troldhaugen, ó sì kọ́ ahéré iṣẹ́ sí etí omi níbẹ̀. Orin kéékèèké fún píánò ni ó mọ̀ ọ́n kọ jù. Mẹ́rìndínláàádọ́rin ni ó kọ nínú ìwé mẹ́wàá láàárín ọdún 1867 sí 1901, ilé ìtẹ̀wé Peters ní Leipzig sì ń tẹ̀ wọ́n, àwọn ènìyàn sì ń rà wọ́n fún àwọn ọmọ wọn ní ilẹ̀ púpọ̀. Yunifásítì Cambridge fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1894, ti Oxford náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1906. Pẹ̀lú gbogbo ọlá yìí, ẹ̀rù a máa bà á kí ó tó jáde síwájú àwọn ènìyàn. Ère ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan ni ó ń fi sínú àpò, tí yóò máa fi ọwọ́ pa kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Ìdánwò òtítọ́ bá a ní ọdún 1899. Ní ilẹ̀ Faransé, a ti dá ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Alfred Dreyfus, tí í ṣe Júù, lẹ́bi ní ọdún 1894 pé ó ta àṣírí ìjọba, a sì sọ ọ́ sí erékùṣù kan ní òkè òkun. Ẹ̀sùn èké ni. Nígbà tí a tún ẹjọ́ náà gbọ́ ní ọdún 1899, a tún dá a lẹ́bi. Ní àkókò yìí gan-an ni a pe Edvard wá sí Paris láti darí orin rẹ̀. Ó kọ̀, ó ní òun kò lè wá bá àwọn tí ń ṣe irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe àríyá. A tẹ ìwé náà sínú àwọn ìwé ìròyìn, èébú sì bẹ̀rẹ̀ sí dé bá a bí òjò. Nígbà tí ó lọ sí Paris ní ọdún 1903, bí ó ti yọ sórí pèpéle ni àwọn kan ń súfèé tí wọ́n sì ń pariwo lé e lórí. Ó dúró, ó ní sùúrù títí ariwo fi rọlẹ̀, ó sì darí orin rẹ̀ dé òpin. Ìyìn ni ó sì gbẹ̀yìn. Ní ọdún 1906 ni ilé ẹjọ́ Faransé wá dá Dreyfus láre.

Irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe sí àwọn ará ilé rẹ̀ pàápàá. Ní ọdún 1898, a ṣètò àjọ̀dún orin Nọ́wè ní Bergen. Edvard ní kí a pe ẹgbẹ́ onígòjé àti onífèrè ti Amsterdam, nítorí kò sí èyí tí ó tó o ní Nọ́wè nígbà náà. Àwọn kan bínú pé kí ni àjèjì fẹ́ ṣe níbi àjọ̀dún ọmọ ilé. Ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé òun fẹ́ kí a gbọ́ orin Nọ́wè bí ó ti yẹ kí a gbọ́ ọ. Àwọn ará Amsterdam wá, àjọ̀dún náà sì yọrí sí rere.

Ìtàn tí a fi sẹ́yìn ni ó dùn mọ́ wa jù. Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà ní agbègbè Telemark tí ń jẹ́ Knut Dale, oní-gòjé ni. Orin àwọn àtijọ́ wà lórí rẹ̀, èyí tí ó gbà lẹ́nu àwọn ọ̀gá tí ó ti kú, kò sì sí ìwé kan tí a kọ wọ́n sí. Ní ọdún 1888 ó kọ̀wé sí Edvard, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá kú, àwọn orin náà yóò bá òun wọ ilẹ̀. Edvard kò ṣe nǹkan kan sí i. Ní ọdún 1901 ọkùnrin náà tún kọ̀wé. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, Edvard kò jẹ́ kí ó bọ́. Ó ti mọ bí ó ti ń rí lọ́kàn ẹni tí ọ̀rẹ́ pè tí kò dáhùn. Ó ránṣẹ́ sí Johan Halvorsen ní Christiania, ẹni tí ó mọ gòjé ta. Knut Dale rìn lọ bá a, ó ta gòjé rẹ̀, Halvorsen sì kọ orin mẹ́tàdínlógún sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ wọn gẹ́lẹ́. Edvard wá yí wọn sí orin píánò, a sì tẹ méjèèjì jáde ní ọdún 1903, ti gòjé àti ti píánò. Ní ilé, àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ní Paris ni àwọn ọ̀dọ́ olórin ti gbé e gẹ̀gẹ̀.

Ní ọdún 1905 Nọ́wè bọ́ kúrò lọ́wọ́ Swídìn, Edvard sì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1907, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ọsirélíà kan, Percy Grainger, wá sí Troldhaugen, ó sì tẹ àwọn orin Knut Dale fún un bí ẹni pé abúlé Telemark ni a ti bí i. Inú bàbá náà dùn jọjọ. Wọ́n ti jọ ń múra láti lọ ṣe orin ńlá náà ní Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti di ẹrù, ó ti dé Bergen láti wọ ọkọ̀, kí dókítà tó ní ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ. Ibẹ̀ ni ó kú sí, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, a fojú díwọ̀n àwọn tí ó dúró sí òpópó Bergen sí 30,000 sí 40,000. Orin tí a kọ láti sìn ín ni orin ìsìnkú Nordraak, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti fẹ́. Halvorsen ni ó tò ó fún ẹgbẹ́ onígòjé àti onífèrè. Ohun tí ó kọ fún ọ̀rẹ́ tí ó já kulẹ̀ ní ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn ni ó sin òun náà dé ilé. A gbẹ́ ihò sínú àpáta ní Troldhaugen, lókè omi, a sì tẹ́ eérú rẹ̀ síbẹ̀. Nina wà láyé títí di ọdún 1935, ibẹ̀ ni a sì tẹ́ tirẹ̀ náà sí. Láti ọdún 1928 ni ilé náà ti di ibi tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ lọ wò.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, Jámánì ni Edvard Grieg ti kọ́ iṣẹ́, kò sì bú ẹni tí ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ilé ni ó gbé iṣẹ́ náà wá, ọwọ́ ọ̀tún ni ó sì fi júwe rẹ̀ fún aráyé. Ọdún mẹ́tàlá ni Knut Dale fi dúró de èsì. Ó ní sùúrù, ẹ̀mí rẹ̀ sì gùn tó o. Kì í ṣe gbogbo àgbà ni ẹ̀mí rẹ̀ ń gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá ń bẹ ní agboolé yín, tí ó ń pè, ẹ tètè dáhùn.